Omi tí Bàbá Àgbà Mu Lára Aṣọ

Láti ọ̀nà odò ni mo ti ń mú Bàbá àgbà bọ̀ wálé nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ìró ọkọ̀ náà. Wọ́n ti wẹ̀ tán, mo gbé kànìnkànìn àti ọṣẹ wọn dání, omi sì ń kán láti ara kànìnkànìn náà sí mi lẹ́sẹ̀. Apá òsì wọn ni mo máa ń gbà rìn. Imọ̀ ọ̀pẹ ló ta wọ́n lójú òsì nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ géńdé, ojú náà fọ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì bò ó bí ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti lọ sí àjò. Ojú ọ̀tún ríran dáadáa. Wọn ò nílò ẹni tí yóò fà wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tí yóò wà ní apá ibi tó ṣókùnkùn ni wọ́n ń fẹ́, kí ẹ̀ka igi má baà gbá wọn, kí ewúrẹ́ má baà sáré kọ lù wọ́n. Iṣẹ́ mi nínú ilé nìyẹn láti ìgbà tí mo ti lè rìn dé odò láìsunkún. Wọn kì í sábà pe orúkọ mi, Àjíkẹ́. "Ojú òsì mi dà?" ni wọ́n máa ń wí. Bí mo bá ti dá wọn lóhùn, wọ́n á yí ọrùn sí apá òsì, wọ́n á wá mi títí ojú ọ̀tún wọn á fi bà lé mi, kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀.

Abà wa kò jìnnà sí Akanran, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ kò fẹ̀, koríko sì máa ń pa á dé ní àsìkò òjò. Ìró tí etí wa mọ̀ ni ìró odó, ìró àdá lára igi, ariwo adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé, àti ikọ́ Bàbá àgbà láàárọ̀, èyí tó jẹ́ aago fún gbogbo ilé. Bí a bá gbọ́ ọkọ̀, àwọn tó ń ra kòkó ni, tàbí wolé-wolé, àwọn ará ìlera tí ń yẹ inú ilé àti ìkòkò omi wò. Kì í sì í ṣe àsìkò kòkó. Nítorí náà, kí àwa méjèèjì tó dé ẹnu ọ̀nà, ilé ti dàrú. Ìyá mi ń gbọ́n omi àmù dà sẹ́yìnkùlé nítorí tanwíjí inú rẹ̀. Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì bàbá mi, ti gbé ìkòkò tirẹ̀ pamọ́ sí àárín igi ìdáná. "Bàbá, ẹ tètè wọlé o!" ni Ìyá Kékeré ń ké. "Wolé-wolé ti dé. Wọ́n á ka eyín tó kù lẹ́nu yín!" Bàbá àgbà ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti kà á gbẹ̀yìn."

Òyìnbó kan tó rí tín-ín-rín ló bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, òun àti awakọ̀ àti ògbufọ̀ kan, ọmọ Yorùbá tó wọ ṣòkòtò péńpé. Ògbufọ̀ ló ń sáré bọ̀ níwájú, ó ń ju ọwọ́. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ má da omi nù mọ́! Omi yẹn gan-an la bá wá. Àwòrán la fẹ́ yà."

"Àwòrán kí ni?" ni bàbá mi bi í.

"Àwòrán tó ń rìn, Bàbá. Ohun tí ẹ bá ṣe níwájú àpótí yìí, àwòrán yín á máa ṣe é níwájú àwọn ẹlòmíràn."

Ìyá Kékeré ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí tèmi wá bá mi gún iyán alẹ́ yìí."

Sòbìà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wá, kòkòrò gígùn tí ń bá omi mímu wọ ara ènìyàn, tí ń gba ẹsẹ̀ jáde. Lọ́dọọdún ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń dá àwọn géńdé dùbúlẹ̀ ní abà wa. Bàbá mi ti fi ìdí wọ́ dé ẹ̀yìnkùlé rí nítorí rẹ̀. Ohun tí òyìnbó náà fẹ́ kí àwòrán fi hàn kò ju pé kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi aṣọ funfun sẹ́ omi odò, kí ó fi ahá bu ú fún àgbàlagbà kan, kí àgbàlagbà náà sì mu ún. Bàbá àgbà ni wọ́n mú ní àgbàlagbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nítòsí ni Làmídì, tó wá bá bàbá mi ro oko lọ́jọ́ náà, nítorí ó ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, bí àṣà wa sì ti rí nìyẹn: ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ á wá fi ọkọ́ kí àna rẹ̀. Ọmọ ilé Mùsùlùmí ni, láti Akanran. Ilé wa ń bọ òrìṣà, Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, sì ti janpata fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó gbà fún un. Bàbá àgbà ló pẹ̀tù sí i. Mo gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá: "Ọmọ tó ń ro oko bí ẹni ń tún irun ìyá rẹ̀ ṣe. Kí ni ìwọ tún ń wá?" Ìyá àgbà fúnra wọn kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n wá ya àwòrán. Ìbàdàn ni wọ́n wà, wọ́n lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ wọn obìnrin.

Òyìnbó náà gbé àpótí kan ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó fojú kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí aránṣọ ṣe ń yí máṣínnì. Bàbá àgbà jókòó lórí àpótí ìjókòó wọn, wọ́n ká aṣọ òfì wọn sí èjìká. Mo dúró sí ipò mi. Ògbufọ̀ ní, "Ọmọ, kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, o máa ba àwòrán jẹ́." Mo lọ dúró sẹ́yìn àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbà kò rí i pé mo ti lọ, nítorí apá ibi tí wọn ò ti ríran ni mo ti kúrò. Làmídì sẹ́ omi, ó bu ú sínú ahá, ó lóṣòó níwájú wọn. Wọ́n ti fẹ́ gbà á, wọ́n wá dáwọ́ dúró, wọ́n yí ọrùn, wọ́n ní, "Ojú òsì mi dà?" Mo dáhùn láti ẹ̀yìn àpótí, "Èmi nìyí, Bàbá." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rẹ́rìn-ín, tí wọ́n gba omi, tí wọ́n mu ún. Òyìnbó ní kí wọ́n tún un mu. "Òùngbẹ ò gbẹ mí mọ́," ni Bàbá àgbà wí. Ògbufọ̀ ní, "Nítorí àwòrán ni, Bàbá, ẹ sáà mu ún." "Ṣé àwòrán ni yóò wá bá mi tọ̀ ọ́ lóru?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi òyìnbó, tí kò gbọ́; síbẹ̀ wọ́n tún un mu. Ọjọ́ tó dùn ni.

Kí àgbàdo ọdún náà tó gbó, Bàbá àgbà sùn, wọn ò jí. Aago ilé kò lù láàárọ̀ náà, a sì pẹ́ lórí ẹní. Mo gbé omi ìbọ́jú lọ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo dúró ní apá òsì, mo ń retí kí wọ́n béèrè mi. Ìyá mi ló wọlé wá bá mi níbẹ̀, wọ́n gba omi lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo rántí jù nínú ìsìnkú náà ni ìró ọkọ́ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ inú yàrá wọn, nítorí inú ilé la ń sin àgbà sí nígbà náà, àti pé kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́ kankan. Ọwọ́ mi ṣófo. Ìyá àgbà wọ aṣọ opó, wọ́n jókòó sórí ẹní, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ọjọ́ ọ̀fọ̀ yóò fi pé. Wọ́n ń ran òwú níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Wọn kì í sunkún lójú wa. Èmi ni wọ́n ń rán sí ohun gbogbo, bí mo bá sì fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí wọn, wọ́n á gbá a. "Ọmọ àlè ní í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀," ni wọ́n máa ń wí. Iyọ̀, omi, ìrànwú, ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ kékeré dé ọwọ́ àgbà, ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ gbé e. Títí di òní, bí ọmọ mi kan bá fi òsì gbé ife fún mi, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kí ọkàn mi tó rántí pé ọmọ ayé ìsinsìnyí ni.

Nígbà tí ọkọ̀ náà tún padà dé, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, a sì ti ń ká kòkó. Ògbufọ̀ kò tí ì gbọ́ pé Bàbá àgbà ti lọ. Ó bọ́ fìlà nígbà tí bàbá mi sọ fún un, ó sì béèrè bóyá kí àwọn má fi àwòrán náà hàn. Bàbá mi ní kí wọ́n fi hàn. Wọ́n ta aṣọ funfun ńlá kan sáàárín igi ọsàn méjì tó wà níwájú ilé, wọ́n sì gbé ọkọ̀ dúró ní ìta gbangba lọ́hùn-ún, kí iná rẹ̀ lè máa tàn wá sára aṣọ. Ìta gbangba náà ni àwọn ọkùnrin àti àwọn àlejò láti àwọn abà tó yí wa ká jókòó sí, wọ́n kọjú sí ilé wa. Ìyá àgbà kò lè jáde nítorí opó. Wọ́n ní kí gbogbo wa máa lọ wò ó, àwọn á gbọ́ ìròyìn. Ìyá mi ní, "A ò ní fi yín sílẹ̀ nìkan, Ìyá." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo obìnrin ilé ṣe jókòó tì wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ náà sì wà láàárín àwa àti àwọn ọkùnrin. Aṣọ fẹ́lẹ́ ni. Bí ilẹ̀ ti ṣú tí iná tàn, àwòrán náà yọ sí wa kedere ní ẹ̀yìn ibẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rí lọ́hùn-ún la rò pé àwa náà ń rí.

Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan la kọ́kọ́ rí, èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn òyìnbó tí ń rìn ní ìlú wọn kíákíá bí ẹni tí òjò ń lé. Ìyá Kékeré ní, "Kí ló ń lé wọn báyìí? Ṣé wolé-wolé wà lọ́dọ̀ tiwọn náà ni?" A rẹ́rìn-ín, àní Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwòrán wọ̀nyẹn kò sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ń ké àlàyé. Lẹ́yìn náà la rí ilé wa. Ilé tí a fẹ̀yìn tì lọ́wọ́lọ́wọ́ ni mo tún rí níwájú mi, pẹ̀lú àmù ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá àgbà sì jókòó níbẹ̀.

Ìyá àgbà fi ọwọ́ wọn bà mí léjìká, ọwọ́ náà wúwo. Èmi ò tí ì mọ̀ nígbà náà pé irú ohun báyìí wà láyé, pé ènìyàn lè wà nínú ilẹ̀ yàrá kí ó sì tún jókòó sí ìta. Mo rí i tí ẹnu Bàbá àgbà mì. Ohùn kò jáde, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n wí. Mo rí i tí wọ́n yí ọrùn láti wá mi. Apá tí wọ́n yí i sí bà mí nínú jẹ́, n kò sì lè sọ ìdí rẹ̀. Làmídì tó lóṣòó níwájú wọn wá na ahá omi sí wọn, ọwọ́ òsì ló fi nà án.

"Yéè!" ni Ìyá Kékeré ké. "Ọwọ́ òsì kẹ̀!"

"Mo rí i," ni ìyá mi wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Gbogbo wa la rí i. Bàbá àgbà gba omi náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mu ún. Ní ìhà ọ̀hún, àwọn ọkùnrin ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kígbe pé, "Làmídì! Àna rere!" Mo ń wo Àbẹ̀kẹ́. Ó fi etí ìró bo ẹnu, kò sì gbé ojú kúrò nílẹ̀ mọ́ títí iná fi kú.

Bí bàbá mi ti wọlé tayọ̀tayọ̀, Ìyá àgbà ní kí wọ́n jókòó. "Ẹni tó fi òsì bu omi fún ọkọ mi, tí ọkọ mi kò sì pé ọdún lẹ́yìn rẹ̀, kò ní fẹ́ ọmọ nínú ilé yìí." Bàbá mi kò kọ́kọ́ lóye. Nígbà tí wọ́n lóye, wọ́n bínú. "Òsì wo? Ọ̀tún ni. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i."

Ìyá Kékeré ní, "Ojú tiwa ńkọ́, Bàbá Àbẹ̀kẹ́? Ṣé ojú ẹja gbígbẹ ni?"

"Gbogbo ọkùnrin tó wà níta ló rí ọ̀tún!"

"Gbogbo ọkùnrin tó wà níta ni Làmídì ń bá ro oko!"

Ìjà tó pín ilé wa sí méjì nìyẹn. Kì í ṣe ìyá àti ọmọ ló ń jà. Ọkùnrin àti obìnrin ni. Àwọn ọkùnrin ní àwọn obìnrin ń ríran kiri nítorí ọ̀fọ̀. Àwọn obìnrin ní àwọn ọkùnrin ń bo ẹni tó ń gbé ọkọ́ fún wọn láṣìírí. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Mo ti ronú sí i láti ìgbà náà wá, kò sì sí ìjà tó le tó èyí tí ẹni méjèèjì fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń sọ. Làmídì wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ìrì níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí." Ìyá àgbà kò yí ojú kúrò lára òwú. "Mo mọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀," ni wọ́n wí. Bàbá rẹ̀ wá lẹ́yìn náà, ọkùnrin tí kì í gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ilé kéú ni mo ti tọ́ ọmọ yìí. Ọwọ́ tí a fi ń ṣe ìmọ́tótó, a kì í fi í na nǹkan sí ènìyàn, ká má tì í sọ àgbà. Bí ẹ bá ní ọmọ mi kò lẹ́kọ̀ọ́, èmi ni ẹ bú. A fún yín títí òṣù yìí yóò fi kú. Lẹ́yìn náà, a ti rí ọmọ kan ní Ẹgbẹ́dá."

Oko ni bàbá mi ti wá ń jẹun, kì í ṣe ilé. Àbẹ̀kẹ́ ń gún iyán ju bí ó ti yẹ lọ, ìró odó rẹ̀ kò bá ti ẹnikẹ́ni mu. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ní odò, ó gbá mi lápá mú. "O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, Àjíkẹ́. Ọwọ́ wo ni?"

"Mi ò wo ọwọ́," ni mo wí. "Bàbá àgbà ni mò ń wò."

Ó fi mí sílẹ̀, ó ní, "Gbogbo ayé ló wo ọwọ́, àfi ẹni tó wà níbẹ̀." Ó gbé ìkòkò rẹ̀ rù, ó sì lọ. N kò ní irọ́ kan tí mo lè pa fún un, òótọ́ tí mo ní kò sì wúlò, bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Ẹ̀gúsí ni èmi àti Ìyá àgbà ń bó lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà já. Ọ̀sán ni, kò sí ẹlòmíràn nílé, ìró ẹ̀gúsí tó ń ṣẹ́ nìkan la ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ àwòrán, n kò mọ ẹni tí mo lè bi. Mo ní, "Ìyá àgbà, ṣé òkú máa ń gbàgbé ni?"

"Gbàgbé kí ni?"

"Bàbá àgbà. Ọ̀tún ni wọ́n yí ọrùn sí nígbà tí wọ́n ń wá mi lára aṣọ. N kì í dúró sí ọ̀tún wọn."

Wọ́n dáwọ́ dúró. "Ta ló sọ fún ọ pé ìwọ ni wọ́n ń wá?"

"'Ojú òsì mi dà?' ni wọ́n ń wí. Mo wà lẹ́yìn àpótí, mo dá wọn lóhùn."

Ìyá àgbà kó ẹ̀gúsí tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. "Ojú wo ló fọ́ lára aṣọ?"

Mo pa ojú dé kí n lè tún un rí. "Ọ̀tún ni. Òsì ni wọ́n fi ń ríran."

Adìẹ wá ń ṣa ẹ̀gúsí wa jẹ, a kò sì lé e. Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Aṣọ wọn náà. Èjìká ọ̀tún ló wà. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí ni mo ti ń bá wọn ká a sí èjìká òsì. Mo rí i. Mo rò pé bí òkú ṣe ń wọ aṣọ nìyẹn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni." Wọ́n wo àwọn igi ọsàn méjèèjì, wọ́n wo ìta gbangba tó wà ní òdì kejì wọn. "Ẹ̀yìn la jókòó sí," ni wọ́n wí. "Ẹni tó bá wo ilé láti ẹ̀yìnkùlé, ọ̀tún ilé á di òsì rẹ̀. Bí ojú bá sún, tí èjìká sún, kí ni yóò mú ọwọ́ dúró?"

Lónìí, ọmọ ilé ìwé yóò rẹ́rìn-ín sí èyí. Ó mọ̀ pé ohunkóhun tí a bá fi ẹ̀yìn aṣọ wò á yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ rí àwòrán tó ń rìn láyé rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ tó kú ló wà níbẹ̀, kò jókòó síbẹ̀ láti ṣírò ọ̀tún àti òsì. Ohun tí mo fi ń bu ọlá fún ìyá yẹn títí di òní ni ohun tí wọ́n wí tẹ̀ lé e. "Ojú ni mo fi rí ohun tí mo fi lé ọmọ yẹn. N kò ní fi àbá gbà á padà. N ó lọ wò ó níwájú."

Ọjọ́ ọ̀fọ̀ wọn pé kí òṣù náà tó kú. Àwọn obìnrin mú wọn lọ sí odò, wọ́n wẹ̀, wọ́n bọ́ aṣọ opó, wọ́n wọ aṣọ funfun. Àṣà ni pé kí opó kọ́kọ́ lọ kí àwọn tó bá a dárò. Ìyá àgbà ní Akanran ni àwọn á kọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ àwòrán ti yí gbogbo agbègbè ká, Akanran ló sì ti fẹ́ fi hàn gbẹ̀yìn. Gbogbo ilé la jọ rìn, ọkùnrin níwájú, obìnrin lẹ́yìn, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àbẹ̀kẹ́ ló kẹ́yìn, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, Ìyá àgbà gba àárín àwọn ọkùnrin kọjá lọ sí iwájú pátápátá, wọ́n tẹ́ ẹní wọn sí ìdí aṣọ náà gan-an. Àwọn kan fẹ́ ráhùn. Bàbá Làmídì ló ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Èmi jókòó tì wọ́n.

Bàbá àgbà yọ. Aṣọ òfì wọn wà ní èjìká òsì. Ojú òsì ló dé. Ẹnu wọn mì, wọ́n yí ọrùn sí apá òsì, sí ipò mi, wọ́n ń wá mi, n kò sì mọ ìgbà tí mo dáhùn pé, "Èmi nìyí, Bàbá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Làmídì na ahá sí wọn, ọwọ́ ọ̀tún ló fi nà án, ó fi òsì gbé ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún bí ó ti yẹ ọmọ tí a kọ́. Wọ́n mu omi náà. Wọ́n sì tún un mu, bí òyìnbó ti wí.

Iná kú. Ìyá àgbà kò dìde. Gbogbo ilé wa ń wo ẹ̀yìn wọn, mo sì ń gbọ́ èémí Àbẹ̀kẹ́ lẹ́yìn mi. "Ọ̀tún ni," ni wọ́n wí, kì í ṣe kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, "Làmídì dà?" Wọ́n tì í jáde láàárín àwọn èrò, ó dọ̀bálẹ̀. Àwọn àgbà ìgbà yẹn kì í bẹ ọmọdé, n kò sì gbọ́ kí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n wí ni pé, "Ọmọ mi, òùngbẹ ń gbẹ mí." Ó sáré lọ sí ilé wọn. Ó gbé omi dé pẹ̀lú aṣọ, ó sẹ́ ẹ lójú gbogbo ènìyàn, ó lóṣòó, ó nà án sí wọn. Wọ́n mu nínú rẹ̀, wọ́n da ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó ti lọ, wọ́n sì fi ahá lé Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ pé kí ó lọ fọ̀ ọ́. Ìyá Kékeré ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ojú ẹja gbígbẹ náà ríran díẹ̀ o." Bàbá mi ní, "Bí a bá gbé e síwájú."

N kò tún rí àwòrán yẹn mọ́. Mo ti jókòó sí ilé sinimá ní Ìbàdàn, lórí àga tó rọ̀, mo ti rí àwòrán tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń kọrin. Àwọn ọmọ mi máa ń béèrè fọ́tò Bàbá àgbà lọ́wọ́ mi. Kò sí. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n jókòó níwájú àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, n kò sì mọ ibi tí òyìnbó náà gbé e lọ.

Nígbà tí a ń padà lọ sí abà lọ́jọ́ náà, àwọn obìnrin àti àwọn ọkùnrin ti dàpọ̀ mọ́ra, wọ́n ń sọ̀rọ̀ níwájú, Àbẹ̀kẹ́ wà láàárín wọn. Èmi ń rìn lẹ́yìn Ìyá àgbà, nítorí ojú wọn méjèèjì ríran, wọn ò nílò mi ní apá kankan. Wọ́n dúró lójijì. Wọ́n ní, "Àjíkẹ́ dà?"

"Èmi nìyí, Ìyá."

Wọ́n yí ọrùn. "Bọ́ sí apá òsì mi níbí," ni wọ́n wí. "Ibẹ̀ ni bàbá yín ti ń wá ọ."